Ìbéèrè Yín Lórí Gìtá Kílásíkà àti Àwọn Tó Ń Ta Á

Lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn yìí tẹ àpilẹ̀kọ kúkurú kan jáde lórí Andrés Segovia, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì tó sọ gìtá di ohun èlò tí àwọn ènìyàn ń wọ aṣọ iyì lọ gbọ́ ní gbọ̀ngàn ńlá, àwọn òǹkàwé wa ní ìwọ̀-oòrùn Kogí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sinmi. Lẹ́tà wá láti Kàbà, Mọ̀pà, Ìyàrà, Ẹ̀gbẹ̀, Ìsánlú, Ògìdì àti Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀. A kò lè tẹ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n àwọn tí a yàn síhìn-ín ló béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ ń béèrè, a sì fún èyí tó gba àlàyé púpọ̀ ní àyè púpọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ọmọ Kàbà ni mí, ọmọ ọdún 19, mo sì ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹ̀gbọ́n mi fi eré Segovia hàn mí lórí fóònù, láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ kọ́ irú gìtá yẹn. Bàbá mi kò gbà. Wọ́n ní iṣẹ́ àwọn tó ń jókòó ìdí ẹmu ni gìtá, wọn kò sì fẹ́ kí orúkọ ìdílé wa bá a lọ síbẹ̀. Ṣé àwọn onígìtá yìí ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́, àbí ìnàjú lásán ni? (Òǹkàwé kan, Kàbà)

Ìdáhùn: Àbúrò wa, má ṣe bá bàbá rẹ jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ohun tí wọ́n rí ni wọ́n ń sọ. Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé gìtá kiri àwọn èbúté Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ìdí ẹmu sì ni gìtá náà ti ráyè láàárín àwọn òṣìṣẹ́, débi pé orúkọ ẹmu ni wọ́n fi ń pe irú orin bẹ́ẹ̀ títí di òní. Láti ibẹ̀ ló ti wọ inú orin jùjú tí Túndé King àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ní Èkó ní àwọn ọdún 1930, kí ó tó dé ọwọ́ Ebenezer Obey àti King Sunny Adé, tí wọ́n gbé e dé gbogbo ayé. Àwọn àgbàlagbà tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kò tíì gbàgbé ìdí ẹmu náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí o sọ fún wọn, nígbà tí ara bá tù wọ́n, ni pé ẹ̀sùn kan náà gan-an ni wọ́n fi kan gìtá ní Sípéènì nígbà tí wọ́n bí Segovia ní ìlú Linares, ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 1893. Píánò àti fáólìn ni ohun èlò tí ilé ọmọlúàbí ń fi ọmọ wọn sí nígbà náà; gìtá jẹ́ ti ilé ọtí àti ti àwọn oníjó fìlàmẹ́ńkò. Àwọn ẹbí rẹ̀ kò fẹ́ kí ó fi ṣe iṣẹ́. Kò sí olùkọ́ tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, nítorí náà ó kọ́ ara rẹ̀, títí tó fi darúgbó ló sì ń sọ pé òun ni olùkọ́ ara òun, òun náà sì ni akẹ́kọ̀ọ́. Ó ṣeré ní gbangba ní Granada nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 16. Nígbà tó dé Madrid tó sì fẹ́ háyà gìtá tó dára fún eré rẹ̀, ó lọ bá Manuel Ramírez, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kan gìtá jù lọ ní ìlú náà. Gẹ́gẹ́ bí Segovia fúnra rẹ̀ ṣe ròyìn rẹ̀, nígbà tí Ramírez gbọ́ bó ṣe ta á, ó gbé gìtá náà lé e lọ́wọ́ láìgba kọ́bọ̀. Gìtá tí wọ́n kàn ní ọdún 1912 yẹn ti wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York báyìí.

Paris gbọ́ ọ ní 1924. New York gbọ́ ọ ní oṣù Kìíní ọdún 1928. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ ojú irin, lẹ́yìn náà ọkọ̀ òfuurufú, ni ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò nìkan kọ́ ni iṣẹ́ tí ó ṣe, ibí yìí ni mo sì fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà, nítorí pé òun ni ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ. Segovia rí i pé gìtá kò ní orin tó pọ̀ tó láti fi kún gbọ̀ngàn ní alẹ́ kan, kí ó tún padà wá ní ọdún kejì pẹ̀lú òmíràn. Fernando Sor àti Francisco Tárrega ti kọ orin dáadáa sílẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn akọ̀wé-orin ńláńlá tí ayé ń bọlá fún kò ka gìtá sí. Ló bá ń tọ̀ wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tí kò ta gìtá rí, ó ń bẹ̀ wọ́n, ó ń fi ohun tí okùn mẹ́fà lè ṣe hàn wọ́n. Manuel Ponce ará Mẹ́síkò kọ̀wé orin fún un láìmọye. Heitor Villa-Lobos ará Bùràsíìlì kọ ẹ̀kọ́ orin 12, ó sì fi wọ́n júbà rẹ̀. Mario Castelnuovo-Tedesco ará Ítálì kọ orin gìtá pẹ̀lú ọ̀kẹ́sítírà ní 1939. Ní 1935, Segovia gbé orin Chaconne tí Bach, àgbà akọ̀wé-orin ilẹ̀ Jámánì, kọ fún fáólìn kan ṣoṣo kalẹ̀ ní Paris lórí gìtá, àwọn tó rò pé ẹ̀gàn ni fún Bach sì ní láti jókòó gbọ́ ọ parí.

Ó tún kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ní Siena ní Ítálì àti ní Santiago de Compostela ní Sípéènì, àwọn ọ̀dọ́ wá láti ilẹ̀ gbogbo láti jókòó níwájú rẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn tí ayé wá mọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bíi John Williams ará Ọsirélíà àti Alirio Díaz ará Fẹnẹsúẹ́là, sì kọjá lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1981, ọba Juan Carlos fi oyè ọlọ́lá dá a lọ́lá, ó sì di Máàkúísì ti Salobreña. Kò fi eré sílẹ̀ títí ó fi lé ní ẹni 90 ọdún. Ọmọ ọdún 94 ni nígbà tó kú ní Madrid ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 1987.

Nítorí náà, iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n n kò ní tàn ọ́: kì í ṣe eré orí ìtàgé nìkan ló ń bọ́ onígìtá kílásíkà. Ẹni tó ń ṣe é ń kọ́ni, ó ń gba orin sílẹ̀, ó ń tún orin ohun èlò mìíràn tò fún gìtá, ó ń bá akọrin tàbí onífèrè ṣeré pọ̀. Ẹ̀kọ́ kíkọ́ni ni oúnjẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Èkó bákan náà. Bí o bá wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tàbí lẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́ kan lọ́wọ́lọ́wọ́, má fi í sílẹ̀. Jẹ́ kí bàbá rẹ rí ọ ní àárọ̀ kùtù tí o ń ta gìtá ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, láìsí ẹmu, láìsí ariwo, fún oṣù púpọ̀. Èyí ni yóò bá wọn sọ̀rọ̀ ju lẹ́tà tiwa lọ.

Ìbéèrè: Báwo ni ẹnì kan ṣe lè jókòó pẹ̀lú gìtá kan ṣoṣo, láìsí makirofóònù, kí gbogbo ènìyàn inú gbọ̀ngàn sì gbọ́ ọ? Níbi ayẹyẹ tiwa, bí sípíkà kò bá ti dún, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé ohunkóhun ń lọ. (Olùkọ́bìnrin kan, Mọ̀pà)

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, mà. Lákọ̀ọ́kọ́, gìtá náà fúnra rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Antonio de Torres, káfíńtà kan ní Almería ní Sípéènì tó di ẹni tó ń kan gìtá, mú ikùn gìtá fẹ̀ sí i, ó sì to àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ ojú rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, kí pátákó ojú náà lè fẹ́lẹ́ kí ó sì máa gbọ̀n dáadáa láìfọ́. Láti orí rẹ̀ ni gígùn okùn, láti òkè ọrùn dé ìdí ibi tí a so ó mọ́, ti di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 65, ìwọ̀n tí wọ́n ṣì ń lò títí di òní. Nígbà tí Segovia dé Jámánì, Hermann Hauser yẹ gìtá rẹ̀ wò fínnífínní, ó sì ń kan òmíràn fún un láti ọdún dé ọdún títí tí ó fi kan èyí tí Segovia gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1937, tí ó sì lò fún ohun tó lé ní ogún ọdún.

Èkejì ni ọwọ́. Èékánná ọwọ́ ọ̀tún ni onígìtá fi ń ta okùn, ó ń fi ẹran ìka kàn án kí ohùn má bàa gún etí, ó ń fi èékánná tú u sílẹ̀ kí ó lè rìn jìnnà. Ohùn tó ń rìn jìnnà kì í ṣe ohùn tó pariwo. Ẹni tó jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá lè gbọ́ ohùn tó kéré tí ó mọ́, kí ó má sì gbọ́ èyí tó pariwo tí ó dàrú.

Ẹ̀kẹta, tí mo kà sí pàtàkì jù, ni àwọn tó wá gbọ́. Segovia kò gbà kí wọ́n gbé makirofóònù síwájú òun nínú gbọ̀ngàn, bó ti wù kó tóbi tó. Ó ń fi ohùn kékeré náà fi ipá mú gbogbo ilé láti dákẹ́. Ẹni tí kò bá rí irú eré yìí rí yóò yà á lẹ́nu: onígìtá wọlé, ó tẹríba, ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ òsì lé àpótí kékeré kan, ó sì lè jẹ́ pé kò ní sọ ọ̀rọ̀ kan títí wákàtí kan yóò fi pé. Ó lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orin tí ó ti lé ní 400 ọdún, kí ó gba ọ̀dọ̀ Bach àti Sor kọjá, kí ó sì parí sí ti ẹni tó ṣì wà láàyè. Kò sí ẹni tó máa dìde ná owó fún un lágbede méjì orin, a kì í sì í pàtẹ́wọ́ nígbà tí apá kan parí tí òmíràn kù. Àwa tí a fẹ́ràn láti bá olórin gbé e kà á sí òtútù nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ ni.

Ẹ má sì rò pé makirofóònù jẹ́ èèwọ̀. John Williams, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Segovia, fara mọ́ ọn ní gbọ̀ngàn ńlá, ó sì ní kí ènìyàn gbọ́ dáadáa ju kí ó máa na etí. Mo rò pé òun ló tọ̀nà nípa àwọn gbọ̀ngàn tiwa, tí jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú eré yìí ní ilé ìwé yín, ẹ lo yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan tàbí ilé ìjọsìn kékeré olójú òkúta, ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ pa fáànù, kí ẹ sì dán an wò láìsí sípíkà rárá. Àwọn ọmọ máa ń dákẹ́ ju bí a ṣe rò lọ.

Ìbéèrè: Ẹnì kan ní orin gìtá ni ohùn tí fóònù Nokia fi ń ké láyé àtijọ́. Ṣé òótọ́ ni? (Òǹkàwé kan, Ẹ̀gbẹ̀)

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Inú orin kan tí Francisco Tárrega kọ fún gìtá, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Gran Vals, ni wọ́n ti yọ ọ́. Tárrega kú ní Barcelona ní 1909, kò rí fóònù alágbèéká rí, síbẹ̀ kò sí abúlé kan láti Ẹ̀gbẹ̀ dé Lọ́kọ́ja tí kò tíì gbọ́ ọ̀wọ́ ohùn rẹ̀ yẹn. Ẹ wá odindi orin náà gbọ́ kí ẹ lè gbọ́ bó ṣe dé ibẹ̀ àti ibi tó gbà lọ.

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún 11, ó sì ń bẹ̀ mí kí n ra gìtá fún òun. Àwọn kan ní ìka obìnrin kéré jù fún un, pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Mo tún gbọ́ pé wọ́n máa ń dá èékánná sí, èmi kò sì fẹ́ ìyẹn lọ́wọ́ ọmọdé. (Ìyá kan, Ìyàrà)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ sọ fún àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ gìtá ka Ida Presti ará Faransé mọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ta jù lọ ní ọ̀rúndún tó kọjá, ọkùnrin àti obìnrin. Wọ́n bí i ní 1924 nítòsí Paris, bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ, ó sì ti ń ṣeré ní gbọ̀ngàn nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó fẹ́ Alexandre Lagoya, onígìtá tí wọ́n bí ní Alẹksáńdríà ní Íjíbítì, àwọn méjèèjì sì di ọ̀kan lórí gìtá méjì débi pé etí kò lè sọ ibi tí ti ọkọ parí sí àti ibi tí ti ìyàwó ti bẹ̀rẹ̀. Ikú mú un ní Rochester, ní ìpínlẹ̀ New York, ní 1967, nígbà tó wà lórí ìrìn àjò eré. Ọmọ ọdún 42 péré ni. Ọ̀fọ̀ ńlá ni fún ohun èlò yìí, ẹni tó bá sì gbọ́ àwo orin wọn yóò mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Sharon Isbin ará Amẹ́ríkà ló dá ẹ̀ka gìtá sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ Juilliard ní 1989. Xuefei Yang ti Ṣáínà ń kún gbọ̀ngàn ní Yúróòpù. Ìka obìnrin kò kéré jù.

Ìka ọmọ ọdún 11 ni ó kéré, ọkùnrin ni o tàbí obìnrin, nítorí náà ẹ ra gìtá tí ó kéré fún un. Èyí tí okùn rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 58 ni àwọn olùkọ́ sábà máa ń fún irú ọjọ́ orí rẹ̀. Ní ti èékánná, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni, bí ó bá fi hóró kan yọ sókè ìka, ó ti tó. Ti ọwọ́ òsì gbọ́dọ̀ wà ní gígé wálẹ̀ pátápátá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní lè tẹ okùn. Ọmọ tó ń fọ abọ́ tó sì ń gún iyán yóò máa ṣẹ́ wọn lóòrèkóòrè, kò sì burú kí ó fi ẹran ìka lásán ta á fún ọdún mélòó kan. Tárrega fúnra rẹ̀ ta á láìsí èékánná ní àwọn ọdún ìkẹyìn rẹ̀.

Ìbéèrè: Gbogbo orúkọ tí ẹ dá nínú àpilẹ̀kọ yẹn, òyìnbó ni. Kí ló kàn wá nínú rẹ̀? (Òǹkàwé kan, Ìsánlú)

Ìdáhùn: Ìbéèrè tó yẹ ni, inú mi sì dùn pé ẹ béèrè rẹ̀ láìfi bò.

Leo Brouwer, tí wọ́n bí ní Havana ní Kúbà ní 1939, wà lára àwọn akọ̀wé-orin gìtá tí wọ́n ń ta orin wọn jù lọ ní ayé òde òní. Ẹ mọ̀ pé àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà kò jẹ́ kí òrìṣà, ìlù àti orin wọn parun níbẹ̀. Ní 1993, Brouwer kọ iṣẹ́ kan fún gìtá tí ó pè ní Rito de los Orishás, ìyẹn ètùtù àwọn òrìṣà. Onígìtá kan lè máa ta á ní Tókíò tàbí ní Bẹ̀lín lálẹ́ òní, kí orúkọ tí a fi ń pe Ògún àti Ṣàngó níbí yìí sì wà lórí ìwé orin tó wà níwájú rẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, ní 1981, ó kọ El Decamerón Negro fún Sharon Isbin, orí àwọn ìtàn Áfíríkà tí Leo Frobenius ará Jámánì kó jọ ni ó sì gbé e kà. Frobenius yìí kan náà ló wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1910. Brouwer ti jẹ́ onígìtá tó dáńtọ́ fúnra rẹ̀ kí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó farapa, tí ó sì fi eré sílẹ̀ fún kíkọ orin àti dídarí ọ̀kẹ́sítírà.

Francis Bebey ti Kamẹrúùnù, tí wọ́n bí ní Douala ní 1929, kọ ìwé, ó ṣiṣẹ́ ní UNESCO, ó sì kọ orin fún gìtá tí ó mú kí ó máa sọ̀rọ̀ bí sáńsà (irú agídìgbo kékeré kan) àti bí ìlù. Nígbà tí John Williams ṣe àwo The Magic Box ní 2001, orin Áfíríkà ló gbé kalẹ̀ nínú rẹ̀, ti Bebey sì wà níbẹ̀. Bebey kú ní Paris ní ọdún kan náà.

Mo tún fẹ́ kí ẹ gbọ́ nípa Agustín Barrios, tí wọ́n bí ní Paragúè ní 1885. Ó ta gìtá káàkiri Amẹ́ríkà ti Gúúsù, ó sì wà lára àwọn onígìtá kílásíkà àkọ́kọ́ tó gba orin sílẹ̀ sórí àwo. Ní nǹkan bí ọdún 1930, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde sí orí ìtàgé pẹ̀lú aṣọ olóyè Guaraní, ìyẹn àwọn tó ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé, pẹ̀lú ìyẹ́ ẹyẹ lórí, ó yí orúkọ rẹ̀ Agustín sẹ́yìn, ó di Nitsuga, ó sì fi orúkọ Mangoré, olóyè Guaraní kan, kún un. Lẹ́yìn tó bá ti ṣe apá kan bẹ́ẹ̀, ó lè padà wá pẹ̀lú aṣọ òyìnbó fún apá kejì. Àwọn kan bú u pé eré ọjà ni ó ń ṣe. Èmi kò bá wọn sọ ọ́. Ọkùnrin náà lè ta Bach, ó sì fẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí òun ti wá kí ó tó ta á. Ó kú ní El Salvador ní 1944, orin rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ títí Williams fi ṣe odindi àwo lórí rẹ̀ ní 1977. Òní, kò sí onígìtá kílásíkà tí kò mọ orin rẹ̀ La Catedral.

Ohun tó kàn wá nínú rẹ̀ ni pé ilé yìí kò tíì kún. Orin ìgbéyàwó àti orin ọdún ilẹ̀ Òkun pọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì tò fún gìtá kan ṣoṣo.

Ìbéèrè: Mo ra gìtá kílásíkà tí ẹnì kan ti lò rí, okùn rẹ̀ gbó, mo sì fi okùn irin sí i kí ó lè máa dún sókè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, igi tí okùn so mọ́ níwájú rẹ̀ ń ká kúrò lára. Ọyẹ́ ló fà á ni àbí okùn? (Òǹkàwé kan, Ògìdì)

Ìdáhùn: Okùn ni, ọyẹ́ sì lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ tú okùn náà kúrò lónìí, ẹ má dúró dọ̀la. Gìtá kílásíkà ni wọ́n kàn fún okùn náílọ̀nù, tí gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ ń fa ojú igi pẹ̀lú agbára bíi kílò 40. Okùn irin lè fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ìlọ́po méjì ìyẹn, pátákó ojú rẹ̀ kò sì nípọn tó láti gbà á. Ní ayé Segovia, ìfun ẹran ni wọ́n fi ń ṣe okùn mẹ́ta tó tinrín. Ìgbà tí ìfun wọ́n nítorí Ogun Àgbáyé Kejì ni Albert Augustine ní New York bẹ̀rẹ̀ sí í fi náílọ̀nù ṣe é, Segovia sì tẹ́wọ́ gbà á. Káfíńtà tó mọ iṣẹ́ lè fi gọ́ọ̀mù igi lẹ èyí tó ká náà padà bí igi abẹ́ rẹ̀ kò bá tíì ya, ṣùgbọ́n kí ó má fi ìṣó kàn án rárá.

Ní ti ọyẹ́, igi gìtá ń mu omi inú afẹ́fẹ́, ó sì ń tú u sílẹ̀. Ìwọ̀n ọ̀rinrin tí ó fẹ́ wà láàárín ìdá 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà òjò, tiwa máa ń kọjá ìyẹn. Nígbà ọyẹ́, ó máa ń já wálẹ̀ débi pé pátákó ojú lè sán. Ẹ fi í sínú àpótí rẹ̀ nígbà tí ẹ kò bá lò ó, kí ẹ fi kànìnkànìn tó tutù díẹ̀, tí a fi sínú ike tí a dá ihò sí, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú àpótí náà láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì. Ẹ má gbé e sí ẹ̀yìn ọkọ̀ nínú oòrùn láé.

Ìbéèrè: Kò sí olùkọ́ gìtá kílásíkà lágbègbè wa. Ibo ni kí àwa tó wà níhìn-ín ti bẹ̀rẹ̀, kí sì ni kí a kọ́kọ́ gbọ́? (Olùdarí ẹgbẹ́ akọrin kan, Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀)

Ìdáhùn: Alirio Díaz tí mo dárúkọ lókè, abúlé kékeré kan nítòsí Carora ní Fẹnẹsúẹ́là ni wọ́n ti bí i ní 1923. Ó fi ilé sílẹ̀ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́ láti wá ẹ̀kọ́ kiri, ó dé Caracas, ó dé Madrid, ó sì dé iwájú Segovia ní Siena, ó di igbákejì rẹ̀ nídìí ẹ̀kọ́ kíkọ́. Julian Bream, onígìtá ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù kò rí olùkọ́ gìtá ní ilé ẹ̀kọ́ orin ti ọba, nítorí wọn kò kọ́ gìtá níbẹ̀ nígbà náà. Píánò àti sẹ́lò ni wọ́n fi sí i lọ́wọ́. Àìsí olùkọ́ kì í ṣe ohun tuntun nínú iṣẹ́ yìí.

Ẹ ní ohun kan tí ẹ kò kà sí: àwọn akọrin yín mọ sólífà. Ẹni tó bá lè fi dò rè mí kọ orin ìyìn ní ohùn mẹ́rin láìsí dùùrù ti ní etí tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gìtá ní Yúróòpù ń fi owó wá. Kí ó kọ́ àmì orin orí ìlà márùn-ún kún un, kí ó sì mú àwọn ẹ̀kọ́ orin tí ó rọrùn jù nínú èyí tí Fernando Sor kọ. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé Sor ti kú láti 1839. Ìdánwò ABRSM, àjọ ìdánwò orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń ṣe ní Nàìjíríà, ní ti gìtá kílásíkà láti ìpele 1 dé 8, ìlànà rẹ̀ sì jẹ́ àtẹ̀gùn tó dára fún ẹni tí kò ní olùkọ́ nítòsí. Bí ẹnì kan bá dàgbà kọjá ohun tí òun nìkan lè fi kọ́ ara rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ orin MUSON wà ní Oníkàn ní Èkó.

Ní ti gbígbọ́, mo mọ̀ pé dátà wọ́n, nítorí náà n kò ní to orúkọ gígùn sílẹ̀. Ẹ gbọ́ apá kejì nínú Concierto de Aranjuez, orin gìtá pẹ̀lú ọ̀kẹ́sítírà ti Joaquín Rodrigo ará Sípéènì, tí Bream tàbí Williams bá ta á. Rodrigo fọ́jú láti ọmọ ọdún 3, kò sì mọ gìtá ta, síbẹ̀ òun ló kọ ọ́ ní Paris ní 1939, Regino Sainz de la Maza sì kọ́kọ́ ta á ní Barcelona ní oṣù Kọkànlá ọdún 1940. Segovia kò ta á rí, mo sì ka ìyẹn sí àdánù fún un. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbọ́ Chaconne lọ́wọ́ Segovia, kí ẹ pa gbogbo ohun tó ń dún nínú ilé. Ó ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 13. Bí ẹgbẹ́ akọrin yín bá lè jọ jókòó gbọ́ ọ parí ní ọjọ́ ìpàdé kan, ẹ kọ̀wé sí wa kí ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́ nínú rẹ̀, a óò tẹ̀ ẹ́ jáde.